Àlejò Nínú Pápá: Ìbéèrè Yín Lórí Agbábọ́ọ̀lù Tuntun Láti Òkè Òkun

Lẹ́tà tí ẹ kọ ránṣẹ́ ní oṣù yìí pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì gba iwájú nínú wọn: agbábọ́ọ̀lù tuntun tí ẹgbẹ́ kan ní òkè òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà láti ilẹ̀ mìíràn, tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà níhìn-ín ní Ìbàdàn ti di gbogbo ìrètí wọn lé lórí kí ó tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Mo mú mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà. Mo gé wọn kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò yí ohun tí ẹ sọ padà.

Ìbéèrè láti Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 29 ni mí, fóònù ni mo ń tún ṣe ní Mọ́kọ́lá. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ti ẹgbẹ́ mi ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn. Ní sáà yìí, wọ́n ra atamátàsé kan láti ilẹ̀ mìíràn ní Yúróòpù, owó tí wọ́n san lórí rẹ̀ sì lé ní 50 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Inú mi dùn débi pé mo ra aṣọ rẹ̀, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lẹ́yìn. Ó ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án báyìí, góòlù méjì péré ni ó gbá wọlé. Àwọn tí a jọ ń wo bọ́ọ̀lù ti sọ mí di ẹni à ń fi ṣe ẹlẹ́yà, n kò sì lè wọ aṣọ náà jáde mọ́. Ṣé wọ́n ti lu ẹgbẹ́ wa ní jìbìtì ni, àbí ó yẹ kí n ṣì ní sùúrù?

Ìdáhùn

Arákùnrin mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù náà sínú lẹ́tà yín, èmi ni mo yọ ọ́ kúrò. Ìdí ni pé lẹ́tà mẹ́ta mìíràn wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan náà, láti Agbowó, Ìdí-Apẹ̀ àti Apáta, agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tí ó kọ wọ́n sì ń fi ẹjọ́ wọn sùn. Síbẹ̀, bí mo bá mú orúkọ inú lẹ́tà kan bọ inú èkejì, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé mo pààrọ̀ ohunkóhun. Èyí ni ó jẹ́ kí ó dá mi lójú pé ìṣòro náà kò sí lára ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀nà tí àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń gbà ka owó, tí a sì ń gbà ka ọjọ́, ni ó ní àbùkù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ owó náà wò. 50 mílíọ̀nù tí ẹ gbọ́ kì í ṣe owó tí wọ́n kó lé ọmọkùnrin náà lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tí ó rà á ni ó san án fún ẹgbẹ́ tí ó tà á, lọ́pọ̀ ìgbà ni wọn kì í sì í san irú owó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀ ni, ọdún dé ọdún. Nínú ìwé ìṣirò ẹgbẹ́, iye ọdún tí àdéhùn rẹ̀ jẹ́ ni wọ́n fi ń pín in: bí ó bá tọwọ́ bọ̀wé ọdún 5, 10 mílíọ̀nù ni wọn yóò kọ sí ọdún kọ̀ọ̀kan. Nítorí ìpín yìí ni àwọn kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fún agbábọ́ọ̀lù ní àdéhùn ọdún 7 tàbí 8, kí ti ọdọọdún lè kéré, títí tí UEFA, àjọ tí ó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, fi sọ ní 2023 pé òun kò ní gbà ju ìpín ọdún 5 lọ, tí àwọn ẹgbẹ́ Premier League, líìgì àgbà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà sì fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú rẹ̀ ni pé àwọn tí owó náà ti àpò wọn jáde, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń wo ọjà tí wọ́n rà. Àwa tí a san owó ìwọlé ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòran, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án ni a fi dá ẹjọ́ rẹ̀, a sì ń ṣe bí ẹni pé ọmọ náà jẹ wá ní gbèsè 50 mílíọ̀nù.

Mo gbà pé ẹnì kan wà tí ó ba ojú wa jẹ́. Nígbà tí Erling Haaland dé Manchester City láti Borussia Dortmund ní 2022, góòlù méjì ni ó fi bẹ̀rẹ̀ líìgì, nígbà tí sáà náà yóò sì fi parí, ó ti gbá 36 wọlé, iye tí ẹnikẹ́ni kò gbá rí nínú sáà kan láti ìgbà tí Premier League ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo atamátàsé tí ó bá ti òkèèrè dé, Haaland ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó pa erin ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ igbó ọdẹ, bí ó bá rí àgbọ̀nrín lọ́jọ́ kejì, yóò ní òun kò rí ẹran.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Thierry Henry dé Arsenal láti Juventus ní 1999, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ ni ó sì gbá láìrí góòlù kan kí ti àkọ́kọ́ tó wọlé lójú Southampton. 26 ni ó fi parí sáà náà, 228 ni ó sì fi sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà, tí kò sí ẹni tí ó tíì bá a. Didier Drogba ti Marseille dé Chelsea ní 2004 pẹ̀lú 24 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Góòlù 10 ni ó gbá wọlé nínú líìgì ní sáà àkọ́kọ́, 12 ní ìkejì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn yìí sì ń sọ nígbà náà pé igi gbígbẹ ni. Sáà kẹta ni ó tó gbá 20, tí ó gba Bàtà Wúrà, ẹ̀bùn ẹni tí ó gbá góòlù wọlé jù lọ nínú líìgì. Bí wọ́n bá ti lé e lọ ní 2006, ta ni ì bá fi orí kan bọ́ọ̀lù yẹn sáwọ̀n Bayern ní ìṣẹ́jú 88 nínú àṣekágbá ife àwọn akọni Yúróòpù ní Munich ní 2012, ta ni ì bá sì gbá pẹnáritì tí ó kẹ́yìn?

N kò ní purọ́ fún yín o. Sùúrù kì í sọ gbogbo wọn di Henry. Andriy Shevchenko dé Chelsea ní 2006 gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti gba Ballon d'Or, oyè agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jù lọ, góòlù mẹ́sàn-án péré ni a rí ka fún un nínú líìgì ní gbogbo ìgbà tí ó lò níbẹ̀. Arsenal san 72 mílíọ̀nù lórí Nicolas Pépé ní 2019, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ fopin sí àdéhùn. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ ní sùúrù, mo ní láti sọ ohun tí ẹ óo máa wò nígbà tí ẹ bá ń ní in, nítorí pé ẹni tí ó ń dúró láìwo ohunkóhun kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń bínú.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo mú ìwé pélébé kan lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan nítòsí Sábó, mo wá àyè lórí bẹ́ńṣì abẹ́ fáànù. N kò wo bọ́ọ̀lù rárá. Atamátàsé tuntun kan ni mo tẹjú mọ́, mo sì ń fa ìlà kan nígbàkígbà tí ó bá sá bọ́ sí àyè tí kò sí ẹ̀dá, tí ó na ọwọ́ pé kí wọ́n gbé e wá. Kí rẹfirí tó fọn fèrè ìsinmi, ìlà 11 ni mo ti fà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀kan nínú méjèèjì sì ga ju orí rẹ̀ lọ. Ọkùnrin tí ó jókòó tì mí ti ń pariwo láti bí ogún ìṣẹ́jú pé, "Ẹni yìí ò ṣe nǹkan kan! Ẹ yọ ọ́!" Mo fi ìwé mi hàn án. Ó fi ìka ka àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dákẹ́, ó wá ní, "Àwọn tó wà lẹ́yìn ni ò gbé e wá nìyẹn?"

Ẹ ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta. Bí ìlà bá pọ̀ tí bọ́ọ̀lù kò dé, ẹjọ́ náà wà lọ́rùn àwọn agbedeméjì pápá àti akọ́nimọ̀ọ́gbá, kò sí lọ́rùn àlejò. Bí bọ́ọ̀lù bá ń dé tí ó ń gbá a síta, ẹ ṣì mú sùúrù, nítorí pé ẹsẹ̀ atamátàsé a máa dì, a sì máa tú. Èyí tí ó ń rí àyè lónìí ni yóò rí àwọ̀n lọ́la. Ìgbà tí ìlà kò bá sí rárá, tí ó dúró láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn méjì bí ẹni tí ó ń dúró de ọkọ̀, ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọminú. Ní ti aṣọ, ẹ wọ aṣọ yín jáde lọ́la. Owó yín ni ẹ fi rà á.

Ìbéèrè láti ọjà Bódìjà

Ẹ jọ̀wọ́, olóòtú, ata ni mò ń tà ní Bódìjà, ọmọ mi ni ó bá mi kọ lẹ́tà yìí, kì í ṣe èyí tí ọ̀rọ̀ kàn o, àbúrò rẹ̀ ni. Ọmọkùnrin mi wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Owó tí mo fún un pé kí ó fi ra ìwé, ó kó o lọ síbi tẹ́tẹ́. Ó ní àlejò tuntun tí ẹgbẹ́ òun rà yóò gbá góòlù wọlé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, pé ó dájú bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Wọn kò tilẹ̀ mú ọmọ ọlọ́mọ náà wọ pápá. Kí ni ó dájú nínú ọ̀rọ̀ yìí tí wọ́n fi ń kó owó lé e?

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ kú wàhálà ọmọ. Kò sí èyí tí ó dájú níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ ka èyí sí ọmọ náà létí.

Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ kéde agbábọ́ọ̀lù, tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, kọ́ ni ọjọ́ tí ó yẹ láti gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn kan ń ti ìsinmi bọ̀, ara wọn kò tíì le. Àwọn mìíràn ń dúró de ìwé, nítorí pé láti oṣù Kìn-ín-ní 2021, tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò lára Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹni tí ó ti Faransé tàbí Jámánì wá náà ní láti ní iye máàkì tí ó tó kí wọ́n tó gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn ọmọ ilẹ̀ tiwa. Ẹni tí wọ́n sì mú wọ pápá pàápàá lè má rí ìdajì kejì. Patrice Evra ti Monaco dé Manchester United ní oṣù Kìn-ín-ní 2006. Manchester City ni ó kọ́kọ́ bá pàdé, wọ́n yọ ọ́ kúrò nígbà ìsinmi, wọ́n sì na ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 3 sí 1. Evra kan náà ni ó bá wọn gba ife líìgì ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó ta tẹ́tẹ́ lé e lórí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn pàdánù owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ṣi ènìyàn yàn.

Àwọn tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ mọ èyí dáadáa. Ìrètí àwọn ọmọ wa lórí àlejò tuntun ni ọjà tí wọ́n ń tà. Ẹ má fún un ní owó ìwé lọ́wọ́ mọ́ títí sáà yìí yóò fi parí. Ẹ bá a dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, kí ẹ san án níbẹ̀.

Ìbéèrè láti Òjé

Olóòtú, mo kí yín. Mo ti lé ní ọdún 70. Mo wà ní Ìbàdàn yìí nígbà tí IICC Shooting Stars gba ife Áfíríkà ní 1976, mo mọ bí ìlú yìí ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi kò mọ Muda Lawal, wọn kò mọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. Ẹni tí wọ́n mọ̀ ni àwọn àlejò tí wọ́n ń rà ní Lọ́ńdọ̀n àti Manchester, bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sì gbá góòlù, oúnjẹ alẹ́ kò ní lọ ní ilé mi. Kí ni ó kan ọmọ Òjé pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n? Ṣé àwọn olólùfẹ́ ìgbà tiwa náà ń ṣe báyìí?

Ìdáhùn

Bàbá wa, ẹ kú ìrántí. Ẹ̀mí yín yóò gùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ yín, bí wọ́n bá ń ka ìwé ìròyìn yìí, pé ife tí ẹ ń sọ ni ife àwọn tí ó gba ife orílẹ̀-èdè wọn, pé Tonnerre ti Yaoundé ní Kamẹrúùn ni wọ́n borí, àti pé kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tí ó ti gba ife Áfíríkà rí ṣáájú wọn. Ní 1992, ẹgbẹ́ kan náà tún gba ife CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀.

Nípa ìbéèrè yín, ó kàn wọ́n, bàbá. Ẹni tí ènìyàn ń wò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí ó mọ bí ó ṣe ń rìn, tí ó mọ ẹsẹ̀ tí ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ti di ará ilé rẹ̀, ì báà jẹ́ ní òpin ayé ni ó ń gbé. N kò ní bá yín bá wọn wí nítorí ìfẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ sọ fún wọn ni èyí tí ìlú Ìbàdàn yẹ kí ó mọ̀ ju ìlú mìíràn lọ, pé àwa náà ti fi ọmọ ránṣẹ́ rí. Ó ti ṣẹlẹ̀ pé ọmọ tiwa ni àlejò, tí àwọn mìíràn jókòó lórí àga ìwòran tí wọ́n ń ka góòlù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ óo rántí ọdún 1982, tí ọmọkùnrin kan tí ó sígbọnlẹ̀ ti Kàdúná dé ọ̀dọ̀ Shooting Stars. Rashidi Yekini ni. Ọdún 1984 ni ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá ife àwọn akọni Áfíríkà, tí Zamalek ti Íjíbítì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, ó gba ibẹ̀ lọ sí Africa Sports ní Abidjan, ní 1990 ni ó sì dé Vitória ti Setúbal ní ilẹ̀ Pọ́túgàl. Bàbá, ẹ bá mi fi ojú inú wo Setúbal. Ìlú etí òkun ni, apẹja ni púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ láti ayébáyé. Wọn kò mọ Ìrá tí ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, wọn kò mọ pápá Liberty, wọn kò gbọ́ bí a ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Èdè wọn kò wọ etí rẹ̀, tiwọn ni ó sì gbọ́dọ̀ fi sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ náà já wálẹ̀ sí ìpele kejì nígbà tí ó wà pẹ̀lú wọn, ó bá wọn lọ síbẹ̀, ó sì bá wọn gòkè padà. Sáà kẹrin rẹ̀, 1993 sí 1994, ni ó tó di ẹni tí ó gbá góòlù wọlé jù lọ ní líìgì àgbà ilẹ̀ Pọ́túgàl, góòlù 21. Ọdún 1993 ni wọ́n dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jù lọ ní Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà kan kò sì gba oyè náà rí ṣáájú rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1994, lójú Bùlùgáríà, ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Àgbáyé, ó sì di àwọ̀n mú, ó ń sunkún. Gbogbo wa ni a rí i.

Ìwọ ọmọ-ọmọ bàbá tí o ń kà á, ka ọdún náà: 1990 sí 1994. Bí àwọn ará Setúbal bá ti fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án péré dá ẹjọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì pariwo lé e títí ẹgbẹ́ yóò fi tà á, n kò rò pé a óo rí ẹni tí yóò di àwọ̀n yẹn mú fún wa.

Apá kejì ìtàn náà dùn mí nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ọ́. Lẹ́yìn Ife Àgbáyé, Olympiacos ti Gíríìsì rà á, owó ńlá ni, ariwo ńlá sì ni wọ́n fi gbà á. Ẹsẹ̀ kan náà ni, orí kan náà ni, ọmọkùnrin kan náà ni. Ibẹ̀ kò gbà á. Kò bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan mu, góòlù kò wá, kò sì pẹ́ níbẹ̀ tí ó fi kọjá sí Spéìn. Bí ẹ bá bi olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kan ní Setúbal nípa rẹ̀, yóò sọ pé akọni ni. Bí ẹ bá bi èyí tí ó wà ní Gíríìsì, bóyá yóò sọ pé wọ́n fi owó ṣòfò. Mo máa ń rò ó wò pé àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́ nípa ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ó mọ Rashidi. Ìbàdàn yìí ni ó padà wá gbé, Ìbàdàn yìí náà ni ó dákẹ́ sí ní oṣù Kárùn-ún 2012.

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ní alẹ́ ọjọ́ tí oúnjẹ kò bá tún lọ, ẹ sọ ti Rashidi fún wọn. Ẹ̀yin ni ẹ rí i pẹ̀lú ojú yín; ẹnu yín ni yóò dùn létí wọn jù.

Ìbéèrè láti Challenge

Ẹ káàárọ̀ sà. Ọmọbìnrin ọdún 16 ni mí, mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù gan-an. Ohun tí kò yé mi ni pé, ẹni tí ó ń gbá góòlù wọlé ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ níbi tí ó ti wá, bí ó bá ti dé ibi tuntun, yóò dà bí ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí. Ṣé bọ́ọ̀lù kan náà kọ́ ni? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń lọ bú wọn ní ojú ewé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn

Ọmọ mi, o káre. Bọ́ọ̀lù kan náà ni, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó yí i ká ni ó yàtọ̀: ìgbà tí wọ́n ń jẹun, bí rẹfirí ṣe ń fọn fèrè, bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ṣe ń fi ara kọlu ènìyàn, ibi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá fẹ́ kí ó dúró sí bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìwọ náà wò ó, bí wọ́n bá mú ọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ lọ sí òmíràn ní àárín sáà, o ò ní gba ipò kìíní ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ara pẹ̀lú sì máa ń dá ọ̀ràn sílẹ̀. Nígbà tí Napoli ní Ítálì ra Victor Osimhen láti Lille ní 2020, wọn kò tíì fi iye bẹ́ẹ̀ ra ẹnikẹ́ni rí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, níbi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà lójú Sierra Leone ní ìlú Benin, èjìká rẹ̀ yẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àrùn kòrónà tún mú un. Góòlù 10 ni ó gbá wọlé nínú líìgì ní sáà yẹn. Ní sáà kejì, egungun ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tí wọ́n ń bá Inter gbá a, ìbòjú tí a mọ̀ mọ́ ọn títí di òní ni ó fi padà wá. 14 ni ó gbá wọlé. Sáà kẹta, 26. Kò sí ẹni tí ó gbá tó bẹ́ẹ̀ ní Ítálì ní ọdún náà, Napoli sì gba ife líìgì tí wọn kò rí gbà láti 1990. Ẹ̀gbọ́n rẹ yóò sọ pé òun mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí ó kọ ní 2021.

Ní ti èébú, ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Lẹ́yìn àṣekágbá ife Áfíríkà ní oṣù Kejì 2024, tí Côte d'Ivoire fi 2 sí 1 borí wa, àwọn ọmọ Nàìjíríà bú Alex Iwobi débi pé ó kó àwọn fọ́tò rẹ̀ kúrò ní ojú ewé Instagram rẹ̀. Ọmọ tiwa ni a ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Mélòó-mélòó wá ni àlejò tí kò tíì ní ọ̀rẹ́ kan ní ìlú tí ó dé, tí ó wọ yàrá hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, tí ó ṣí fóònù rẹ̀. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ó lè ṣàríwísí bí agbábọ́ọ̀lù ṣe gbá bọ́ọ̀lù, ní ilé ìwòran, láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí ó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe wọ inú yàrá ọmọ ọlọ́mọ lọ bú u.

Bí kò bá gbọ́, sọ ìtàn yìí fún un. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí a bí sí Òkè-Àdó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú kékeré kan ní Swídìn nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Oṣù Kẹta ni ó dé ibẹ̀, yìnyín ṣì wà létí pápá. Ó sọ fún mi pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òun kò lè so okùn bàtà òun, nítorí pé òun kò mọ ibi tí ìka òun wà mọ́. Aṣọ́lé ẹgbẹ́ náà ni ó kúnlẹ̀ tí ó bá a so ó. Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì rẹ̀, bọ́ọ̀lù bọ́ sí i lẹ́sẹ̀ ní àárín pápá, ó sì gbọ́ tí gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ké ọ̀rọ̀ kan pé, "Rygg! Rygg!" Ó rò pé wọ́n ń yìn ín ni. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ tí ẹnì kan fi ti ẹ̀yìn wá já bọ́ọ̀lù náà gbà. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ń kùn, akọ́nimọ̀ọ́gbá sì yọ ọ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yìn ni ó túmọ̀ sí. Wọ́n ń sọ fún un pé ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ké "Ẹ̀yìn ẹ! Ẹ̀yìn ẹ!" ní pápá Òkè-Àdó, tí kò ní í ṣàì gbọ́.

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé nínú bọ́ọ̀sì, aṣọ́lé yẹn jókòó tì í, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n máa ń ké lórí pápá sínú ìwé kan fún un, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ sì kọ Yorùbá ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó mú ìwé náà wá sílé ní Kérésìmesì ọdún yẹn láti fi hàn mí. Ó ti gbó ní ibi tí ó máa ń ká a sí, "Rygg" ni ó wà lókè pátápátá, ó sì ti fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.